Ayálégbé Tó Sọnù Nílé Bàbá Onílé

Ìpẹ́ márùn-ún ni Ìyá Àrọ̀ kọ́kọ́ rí. Aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná yàrá. Àwọn ìpẹ́ náà wà nísàlẹ̀ omi lórí yanrìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, wọ́n ń dán. Ó ka àwọn ẹja tó wà lókè omi nínú táǹkì. Márùn-ún. Ó tún wọn kà láti ọ̀tún wá sí òsì, bí ìyá tó ń wá ọmọ láàárín èrò. Márùn-ún náà ni. Fàdákà, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà wọn, kò sí níbẹ̀.

Ẹni tí yóò bá Ìyá Àrọ̀ kẹ́dùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ Bàbá Onílé. Bàbá Onílé ni àrọ̀ ńlá onírù pupa tó ni táǹkì gíláàsì náà. Ó gùn ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu rẹ̀ wọlé, oúnjẹ ni lójú rẹ̀: ẹja, ìbọ̀wọ́, ìdérí ìgò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹja, irú rẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni gbé. Ṣùgbọ́n nínú ilé ẹja yìí, tí àwọn èèyàn ti ń sanwó wọlé wá wo ẹja láàyè, ẹja ńlá mẹ́fà ló ti ń bá a gbé láti ọdún méjì, wọn kò sì dín. Ayálégbé ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè wọ́n. Ìyá Àrọ̀ ló yàn wọ́n. Òun náà ló tọ́ Bàbá Onílé dàgbà láti ìgbà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìí ni àwọn olùtọ́jú ẹja láti ilé mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ń bọ̀ wá ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Fàdákà ló sì lẹ́wà jù nínú àwọn ayálégbé. Ó funfun, ó pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ bí àtẹ, àwòrán rẹ̀ ló wà lára géètì.

Ìyá Àrọ̀ wo abẹ́ igi gbígbẹ tí Bàbá Onílé máa ń sùn sí. Ó wà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ nà sílẹ̀ gbọọrọ. Ikùn rẹ̀ yọ síta rogodo.

Ọ̀gá Àgbà tó ń darí ilé náà wọlé, ó ti so táì de àwọn àlejò. Ó wo ìpẹ́, ó wo ikùn, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Àrọ̀, ó ti gbé e mì."

"Kò gbé e mì, sà."

"Ikùn rẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Mi ò tíì mọ ti ikùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò gbé Fàdákà mì."

Ọ̀gá Àgbà kò bá a jiyàn. Ó pe dókítà ẹranko lórí fóònù, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti pé síbẹ̀ lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ dókítà kò dùn ún gbọ́ rárá. Bí ẹja tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àrọ̀, egungun rẹ̀ á gún ìfun, àrọ̀ náà á sì fi ọjọ́ mélòó kan jẹ̀rora kú. Kí wọ́n là á nìkan ló kù. Àrọ̀ tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fi oògùn kùn ún lóorun, nínú mẹ́wàá bóyá ni méjì ń jí. Ẹ̀rọ tí ì bá ya àwòrán inú rẹ̀ ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá. Òun á dé ní aago méjìlá.

Ìyá Àrọ̀ fa fóònù tirẹ̀ yọ.

"Ẹ máa pe dókítà, sà. Èmi ń pe ọlọ́pàá. Olè ló wọlé wá."

Ẹlẹ́rọ omi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó àwọn páǹpù, bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá nítorí ẹja? Ìyá Àrọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ti ń tẹ nọ́ńbà.

*

Ẹni tí àgọ́ ọlọ́pàá rán wá jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, tí bàtà rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Àǹtí Mélòó ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ kì í jìnnà sí "mélòó". Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe. Nígbà tó fi "mélòó" tú àṣírí ọ̀daràn mẹ́ta láàárín ọdún kan, yẹ̀yẹ́ di oyè, òun náà sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú ìdùnnú.

"Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ẹja mélòó ló wà níbí lánàá?"

"Ayálégbé mẹ́fà. Pẹ̀lú onílé, méje."

"Aago mélòó lẹ rí Fàdákà kẹ́yìn?"

"Aago mẹ́rin ku díẹ̀. Mo wá lọ sí iwájú géètì, à ń to àga fáwọn àlejò. Aago márùn-ún ni gbogbo òṣìṣẹ́ wọ ìpàdé. Aago mẹ́fà la tilé."

"Lẹ́yìn tí ẹ tilé ńkọ́?"

"Bí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn aago mẹ́fà, agogo á pariwo. Kò dún."

"Ó dáa. Aago mẹ́rin sí márùn-ún nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ń ṣí yàrá yìí?"

"Mẹ́ta. Tèmi, ti ẹlẹ́rọ omi, àti ti Ọ̀gá Eléyín tó ń tọ́jú ẹja inú yàrá kejì."

Àǹtí Mélòó fa àga kan, ó jókòó síwájú táǹkì, ó kọ ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Ẹ wá kọ́ mi níṣẹ́ yín. Báwo lẹ ṣe ń yan ẹni tó máa bá irú ẹranko báyìí gbé?"

Láti ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Ìyá Àrọ̀, kó sì jókòó gbọ́ ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí àlejò. Ó gbàgbé aago méjìlá fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

"Gígùn ẹja làwọn èèyàn máa ń wò, wọ́n á ní, 'Ẹja yìí gùn, kò ní lè jẹ ẹ́.' Irọ́ ni. Ẹja gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́, á gbé e mì bí ẹni mu omi. Èmi, láti ẹ̀yìn dé ikùn ni mò ń wọ̀n. Ẹ wo èyí." Ó na ọwọ́ sí ara ògiri, ó mú òrùka ńlá kan tí wọ́n fi wáyà ká wá láti orí ìṣó. "Bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó nìyí tó bá yà á tán. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń ká òmíràn, torí ó ṣì ń dàgbà. Ẹja tó bá wá sílé yìí, màá gbé e gba inú òrùka. Tó bá kọjá, kò sí yàrá fún un níbí."

"Ìyẹn nìkan?"

"Rárá o! Ẹja tó máa ń fẹnu lẹ̀ mọ́ nǹkan, mi ò gbà á, torí ara àrọ̀ ò ní ìpẹ́, wọ́n á fi ẹnu bó o lára. Ẹja kékeré ẹlẹ́gùn-ún, ìyẹn ló burú jù. Á gbé e mì, ẹ̀gún á há a lọ́fun, àwọn méjèèjì á kú. Oníjàgídíjàgan, mi ò fẹ́. Ojo, mi ò fẹ́, torí ẹja tí ẹ̀rù bá ń bà kì í jẹun, á máa rù títí á fi gba òrùka. Èyí tó fẹ́ràn òkè omi ni mò ń yàn. Onílé ń gbé ìsàlẹ̀, ayálégbé ń gbé òkè. Kò sẹ́ni tó ń du ibùsùn ẹnì kejì."

"Màmá, ìbéèrè yín le ju ti onílé tèmi lọ." Àǹtí Mélòó rẹ́rìn-ín, ó fa téèpù yọ nínú àpò, ó wọn òrùka náà fúnra rẹ̀. "Íńṣì mẹ́jọ. Fàdákà ńkọ́?"

Ìyá Àrọ̀ ṣí ìwé rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù ló ń wọn àwọn ẹja rẹ̀, ó sì máa ń ya àwòrán wọn pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Íńṣì mọ́kànlá ni Fàdákà láti ẹ̀yìn dé ikùn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀gá Àgbà, tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi orí. "Àǹtí, wáyà ni òrùka yẹn. Ẹnu ẹja, ẹran ara ni, ó lè nà. Ẹ wo ikùn rẹ̀! Kò jẹun lánàá, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń jẹun. Kí ló wà níbẹ̀? Ẹ sọ nǹkan tó wà nínú ikùn yẹn fún mi, màá dá dókítà padà."

Ìyá Àrọ̀ wo ikùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìbéèrè tí òun náà ti ń bi ara rẹ̀ láti aago méje nìyẹn.

"Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ, sà," Àǹtí Mélòó dáhùn. "Aago mélòó ló lù báyìí?"

Aago mẹ́wàá ti kọjá.

*

Ilẹ̀ tútù ló kọ́kọ́ fà wọ́n lọ. Omi wà láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé yàrá ẹ̀rọ, ó hàn bí ipa ẹsẹ̀ ẹni tó gbé nǹkan tó ń kán kọjá. Lẹ́yìn páǹpù tó tóbi jù, Àǹtí Mélòó rí àwọ̀n onígi gígùn kan tí wọ́n fi àpò bò. Ẹlẹ́rọ omi, tó ti ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àwọ̀n ta nìyí?"

"Tèmi ni, mà."

"Kí lo fi ṣe lánàá?"

"Ewé ni mo fi kó, mà. Ewé inú adágún tó wà níta."

"Kí ló dé tó o fi àpò bò ó?"

Òógùn bo iwájú orí ọmọkùnrin náà. Ìyá Àrọ̀ ń wò ó, inú rẹ̀ ń bàjẹ́, nítorí ọmọ náà kì í ṣe ọmọ burúkú, ó kàn fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí òun bá ní láti yàn láàárín ọmọ náà àti Bàbá Onílé, ó mọ ẹni tí òun máa yàn, ojú sì tì í díẹ̀ nítorí rẹ̀.

"Ó dáa, mà," ni ẹlẹ́rọ omi wí nígbẹ̀yìn. "Páìpù ló ń jò. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Mi ò sọ fún Ọ̀gá torí àwọn àlejò. Mo ń fi àpò dí i, mo sì fi àpò tó kù bo gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ kó má bàa hàn."

Àǹtí Mélòó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan abẹ́ páìpù, omi kán sí i lọ́wọ́. Ó ka ẹ̀kán omi náà fún ìṣẹ́jú kan. Ó wá na àwọ̀n náà síta nínú ìmọ́lẹ̀. Ewé gbígbẹ ló kún inú rẹ̀, kò sì sí ìpẹ́ ẹyọ kan láàárín rẹ̀.

"Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé páìpù ń jò," ó wí. "Kó o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìwọ kọ́ ni mò ń wá."

*

Yàrá kejì dùn ún wò. Ẹja kéékèèké tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ló wà níbẹ̀, mọ́kànlélógún, eyín wọn mú ṣáṣá, bí wọ́n bá sì bá odidi ẹja láàárín omi, ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n fi ń fà á ya. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe ń pe olùtọ́jú wọn ní Ọ̀gá Eléyín, kì í ṣe pé eyín tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni òun àti Ìyá Àrọ̀ wọ iṣẹ́ ní ilé náà. Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í rún.

Ó dìde nígbà tí wọ́n wọlé, ó di ọwọ́ Ìyá Àrọ̀ mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn."

"Kí lẹ sọ?" Àǹtí Mélòó bi í.

"Mo ní wọn ò ní pé oṣù mẹ́fà. Àrọ̀ ni àrọ̀ ń jẹ́. Ẹ ò rí ìpẹ́ nílẹ̀? Ó ti fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ."

Ìyá Àrọ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àǹtí Mélòó ti kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì àwọn eléyín. "Wọ́n lẹ́wà o. Aago mélòó lẹ ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Aago mẹ́rin, lójoojúmọ́. Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ rí."

"Lánàá ńkọ́? Mélòó ni wọ́n jẹ?"

"Odidi báàkẹ́ẹ̀tì ẹja gígé kan. Báàkẹ́ẹ̀tì yẹn náà rèé, ó ṣófo."

"Ìrù mélòó ló ti ya níbí?"

Ọ̀gá Eléyín súnmọ́ gíláàsì bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ìyá Àrọ̀ náà wò ó. Òótọ́ ni, ìrù ẹja mẹ́rin ti ya, ojú ọgbẹ́ wọn sì ṣì tutù.

"Eré ni wọ́n fi ń ṣe," ó wí. "Eré wọn le."

"Ó hàn bẹ́ẹ̀. Ta ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn?" Ó tọ́ka sí táǹkì kékeré kan ní kọ̀rọ̀ tí aṣọ dúdú bò.

"Aláìsàn ni. Ìmọ́lẹ̀ ń pa á lára."

"Ẹ bá mi kí i," Àǹtí Mélòó wí, ó sì jáde. Ìyá Àrọ̀ tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ ń gbóná. Àárọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, obìnrin yìí sì ń kí ẹja aláìsàn.

*

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni dókítà dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Wọ́n ti pọn omi kún ọpọ́n ńlá tí wọ́n máa gbé Bàbá Onílé sí. Dókítà wọn oògùn oorun sínú ìgò, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀gá Àgbà àti ẹlẹ́rọ omi mú aṣọ tí wọ́n máa fi gbé e.

Ìyá Àrọ̀ dúró síwájú táǹkì, ó fi ẹ̀yìn ti gíláàsì.

"Ìyá Àrọ̀, ẹ jọ̀wọ́," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

"Ẹ máa kọ́kọ́ gbé èmi kúrò ná, sà."

Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ọdún mọ́kànlá ló fi wọn ẹnu ẹja yẹn, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà bá mọ nǹkan tó lè gbà àti èyí tí kò lè gbà, òun ni. Ẹlẹ́rọ omi fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Dókítà, ìṣẹ́jú mélòó lẹ lè fún mi?" Àǹtí Mélòó ló wọlé, Ọ̀gá Eléyín wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mẹ́wàá," ni dókítà dáhùn, ìyẹn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń ná lówó.

"Ó pọ̀ jù. Màmá, odidi ni Bàbá Onílé ń jẹ, àbí gígé?"

"Odidi ẹja ni mò ń fún un."

"Láti ọdún mọ́kànlá, ìpẹ́ mélòó lẹ ti rí nínú táǹkì lẹ́yìn tó jẹun?"

Ìyá Àrọ̀ fi ọwọ́ lu iwájú orí ara rẹ̀. Àṣé ojú ti ń rí i láti àárọ̀, ọkàn ni kò rí i. "Kò sí ẹyọ kan! Kò lè já nǹkan. Eyín rẹ̀ ò ju yanrìn lọ. Ó kàn ń la ẹnu ni, á fa omi, ẹja á bá omi wọlé tìpẹ́tìpẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," dókítà wí. "Àrọ̀ kì í bó ìpẹ́."

"A jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé ìpẹ́ márùn-ún síbẹ̀ ká lè rí i. Ta ló lè ṣe é? Ẹni tí kò mọ ẹja rárá kò ní rántí ìpẹ́. Ẹni tó mọ àrọ̀ kò ní dá a láṣà. Ẹni tó mọ ẹja dáadáa ni, ṣùgbọ́n irú ẹja mìíràn, èyí tó máa ń já ẹran, tí ìpẹ́ máa ń fọ́n ká nílẹ̀ nígbà gbogbo tí ó bá jẹun." Ó yíjú. "Ọ̀gá Eléyín, ìgbà mélòó lẹ ti dúró níbí wo Màmá nígbà tó ń bọ́ ẹja yìí?"

"Mo máa ń... a jọ wà nínú ilé kan náà láti ọdún mọ́kànlá."

"Ìgbà mélòó, sà?"

 Ìyá Àrọ̀ ló bá a sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò dúró rí. Aago mẹ́rin lèmi náà ń bọ́ tèmi. Èmi náà ò rí tirẹ̀ rí."

"Ikùn ńkọ́?" ni Ọ̀gá Àgbà béèrè. Ọkùnrin náà kò gbàgbé ìbéèrè rẹ̀, kí a sì fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìbéèrè tó dára ni.

"Oúnjẹ ló wà níbẹ̀, sà. Báàkẹ́ẹ̀tì ẹja gígé kan. Ẹni tó bá fẹ́ ti àwọ̀n bọ omi yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá nǹkan tó máa dá onílé dúró nísàlẹ̀, ikùn tó bá sì yọ láàárọ̀ á tún jẹ́rìí gbè é. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹnì kan ni. Dókítà, bí ẹja eléyín bá sùn lébi, kí ni wọ́n máa ń ṣe?"

"Wọ́n á máa já ìrù ara wọn."

"Ìrù mẹ́rin ló ya nínú yàrá kejì. Ọ̀gá Eléyín ní wọ́n jẹun yó lánàá, báàkẹ́ẹ̀tì sì ṣófo. Báàkẹ́ẹ̀tì ò purọ́, ó ṣófo lóòótọ́. Ẹnu tó jẹ ẹ́ nìkan la ṣì."

Kò sí ẹni tó dúró gbọ́ èyí tó kù. Ìyá Àrọ̀ ti wà nínú yàrá kejì. Ó fa aṣọ dúdú náà bọ́ sílẹ̀.

Fàdákà wà níbẹ̀. Táǹkì náà kéré fún un débi pé ìrù rẹ̀ ń kan gíláàsì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì ti bó níbi tí ìpẹ́ ti kúrò, ṣùgbọ́n ó ń mí, ojú rẹ̀ mọ́. Ìyá Àrọ̀ kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú òun. Ó ní, "Ọmọ mi," ó sì tún un sọ.

Ọ̀gá Eléyín jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì tó ti dojú rẹ̀ dé. Aṣọ rẹ̀ tí kì í rún ti rún.

"Ọdún méjì ni mo fi dúró kó gbé e mì," ó wí. "Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé kò ní pé oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà pé, ọdún pé. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì yẹn kọjá, màá kà wọ́n, wọ́n á pé. Àwọn èèyàn á gba iwájú àwọn eléyín mi kọjá, wọn ò ní dúró, wọ́n á ní, 'Níbo ni ti ìyá yẹn wà?' Mo kàn fẹ́ kí àwọn àlejò òní bá a ní márùn-ún ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa pe dókítà."

"Nígbà tí ẹ gbọ́ ńkọ́?" Ìyá Àrọ̀ bi í. "Aago méje ni ẹ gbọ́. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n máa là á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹja!"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ ọ́ lára ju gbogbo èyí tí ọlọ́pàá sọ lọ. Ó sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Àǹtí Mélòó ní kó dìde, kó bá òun dé àgọ́ lọ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n tó jáde, Ọ̀gá Eléyín dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ẹnì kan jọ̀wọ́ fún àwọn eléyín lóúnjẹ. Ìyá Àrọ̀ ló fún wọn. Ẹja ò mọ ẹjọ́.

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó da oògùn oorun nù, ó fi oògùn díẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ Fàdákà, wọ́n sì dá a padà sínú táǹkì ńlá. Ọ̀gá Àgbà tú táì rẹ̀, ó tún un so, ó tún tú u.

"Ìyá Àrọ̀," ó wí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, "ẹ má bínú sí mi. Ẹ sọ fún mi láàárọ̀, mi ò gbà yín gbọ́. Iṣẹ́ yín lẹ mọ̀, èmi ni mi ò mọ ẹni tí mo ní."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Ìyá Àrọ̀ dáhùn. Kò sọ pé kò sí wàhálà. Wàhálà wà, ó sì tọ́ kí wọ́n bẹ òun.

*

Ní aago méjì, àwọn àlejò kún yàrá náà, olùtọ́jú ẹja ni gbogbo wọn, àwọn èèyàn tí kì í tètè yà lẹ́nu. Wọ́n dúró síwájú gíláàsì, wọ́n na ọrùn. Bàbá Onílé ń rìn jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá rẹ̀ bí ẹni tó ti àsè dé. Lókè orí rẹ̀, ayálégbé mẹ́fà ń lọ wọ́n ń bọ̀, Fàdákà ló ṣáájú, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì bó díẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan láàárín wọn, tí àpá eyín ẹja kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kà wọ́n láti ọ̀tún sí òsì. Ó tún wọn kà.

"Ọdún mélòó lẹ ti kó wọn pọ̀?" ó béèrè.

"Ọdún méjì," ni Ọ̀gá Àgbà dáhùn.

"Mélòó ló ti jẹ?"

"Kò jẹ ìkankan."

Bàbá náà bọ́ fìlà rẹ̀. "Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti gbìyànjú èyí," ó wí. "Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà mẹ́rin. Ẹja ńlá mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ ọgbọ́n, mo wá fi í sílẹ̀. Ta ló yàn wọ́n?"

Ọ̀gá Àgbà yíjú sí ẹ̀yìn èrò. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọ̀nà lè là.

Ìyá Àrọ̀ ti gbọ́ ìbéèrè náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó tutù sára aṣọ iṣẹ́, ó rìn jáde láti ẹ̀yìn èrò wá síwájú, orí rẹ̀ sì wú.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo yàn wọ́n, níkọ̀ọ̀kan."